Ẹ Ya Ọ̀nà Omi Kí Ẹ Tó Kó Gọ́tà

Ẹ̀kọ́ fún àwọn àgbẹ̀ àkùrọ̀ ẹ̀bá ìlú

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí wà fún ẹni tó ń dáko ní àkùrọ̀ tó wà lẹ́bàá ìlú tàbí nísàlẹ̀ ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ilá, àti ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja létí odò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ọmọ tó wà nílé bá a kà á sókè.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó mọ:

(a) bí a ṣe ń ya gbogbo ọ̀nà omi àdúgbò pẹ̀lú kókó àti ìlà;
(b) bí a ṣe ń ka iye omi tó ń gba ojú kan kọjá;
(d) ibi tó yẹ kí ẹgbẹ́ ti kọ́kọ́ ti ọkọ́ àti ṣọ́bìrì bọlẹ̀.

KÍ LÓ Ń FA WÀHÁLÀ GAN-AN?

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹgbẹ́ á pe iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ogún èèyàn á jáde, wọ́n á kó gọ́tà tó wà níwájú oko wọn títí yóò fi mọ́ tónítóní. Lọ́sẹ̀ kejì, òjò ńlá kan á rọ̀, omi á tún ya wọ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọ́ tí ẹ ti ń bomi rin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó ku díẹ̀ kí àwọn alágbàtà wá kó o, omi ọ̀sán kan á gbé e lọ. Àwọn kan á ní òjò ọdún yìí ló pọ̀ jù. Àwọn mìíràn á ní àwọn ará òkè ló ń da pàǹtírí sómi. Ìjà á bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá tún pe ọ̀wẹ̀, èèyàn márùn-ún ló máa jáde.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ rárá. Àwọn èèyàn ṣiṣẹ́, òógùn jáde lára wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n kó kọ́ ni omi ti há. Gọ́tà tó wà níwájú oko yín, ẹ̀ka kan péré ni lára igi ńlá. Bí ẹ bá tọ́jú ẹ̀ka tán, tí ìdí igi sì dí, omi ò ní ibi tí yóò gbà, inú oko ló máa wọ̀. Nítorí náà, ká tó gbé ọkọ́, ó yẹ ká kọ́kọ́ rí odindi igi náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

OHUN TÍ ÌBÀDÀN FI KỌ́ WA

Ẹ jẹ́ ká wo ìlú ńlá tí gbogbo wa mọ̀. Odò tó gba inú Ìbàdàn kọjá kì í ṣe ẹyọ kan. Odò Ọnà wà, Ògùnpa wà, Kúdẹtì wà, Ogbere náà wà. Kúdẹtì ń já sí Ògùnpa, Ògùnpa náà ń sàn lọ bá odò Ọnà.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀ ní Ìbàdàn fún nǹkan bí wákàtí 10. Òjò náà tó nǹkan bíi mìlímítà 274. Ògùnpa kún kọjá etí rẹ̀, omíyalé dé. Ó lé ní 100 èèyàn tó bá a lọ, ilé àti ọjà sì ṣòfò. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tó lé ní mìlímítà 180 tún rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ̀mí tó lọ tún lé ní 100, ọ̀pọ̀ afárá já, omi sì ba oko ẹja Yunifásítì Ìbàdàn jẹ́.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún àgbẹ̀. Èkíní, ẹ wo ọjọ́ méjèèjì: ìparí oṣù kẹjọ ni. Oṣù kẹjọ yìí la máa ń pè ní oṣù tí òjò ń sinmi díẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́kàn lé ìsinmi yẹn, tó fi gọ́tà sílẹ̀ títí oṣù kẹsàn-án, ó ti pẹ́ jù.

Èkejì, Ògùnpa kì í ṣe odò ńlá tí ọkọ̀ ojú omi lè gbà. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 13 lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ń da omi sínú rẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 5,500. Òrùlé, títì, ọjà, àgbàlá, gbogbo omi wọn ń gba ọ̀fun kan ṣoṣo kọjá. Bí wọ́n bá kọ́ ilé sí ọ̀fun náà, tí wọ́n da pàǹtírí dí abẹ́ afárá, gbogbo hẹ́kítà yẹn ló máa pọ̀ ọ́ padà. Òjò nìkan kọ́ ló ń pa ìlú. Ibi tí ọ̀nà omi ti so pọ̀ tó sì há wà níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìlú ńlá náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àkùrọ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa kéré.

ÌMỌ̀ KÓKÓ ÀTI ÌLÀ

Ìmọ̀ tí a fẹ́ lò yìí ti pẹ́. Ìlú kan wà lábẹ́ ìjọba Prussia láyé ọjọ́un, tí wọ́n ń pè ní Königsberg. Lónìí, ilẹ̀ Rọ́ṣíà ló wà, Kaliningrad sì ni orúkọ rẹ̀. Odò pín ìlú náà sí ilẹ̀ mẹ́rin, afárá méje ló so wọ́n pọ̀. Àwọn ará ìlú ń bi ara wọn pé: ṣé èèyàn lè rin gbogbo afárá méjèèje, kó má gba ọ̀kankan lẹ́ẹ̀mejì?

Ní ọdún 1736, onímọ̀ ìṣirò kan, Leonhard Euler, ṣàlàyé pé kò ṣeé ṣe. Kò wọn afárá kankan, kò sì wọn ilẹ̀. Ó kàn sọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan di kókó, ó sọ afárá kọ̀ọ̀kan di ìlà, ó wá ka iye ìlà tó kan kókó kọ̀ọ̀kan. Ó ní ilẹ̀ tí èèyàn bá ń kọjá, afárá kan ni yóò fi wọlé, òmíràn ni yóò fi jáde. Nítorí náà afárá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ pé ní méjì-méjì, àfi ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ní ìlú yẹn, ilẹ̀ kan ní afárá 5, mẹ́ta yòókù ní 3, 3. Ọ̀kankan kò pé ní méjì-méjì. Ohun tó ṣe pàtàkì lójú Euler ni èwo ló so mọ́ èwo. Ìmọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní graph theory.

Òun náà ni àwọn ẹnjiníà ń lò fún omi ìlú títí dòní. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ń pè ní SWMM, tí àjọ EPA ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1971. Kókó àti ìlà wà lára ohun tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀: ibi tí omi ti pàdé, àti gọ́tà tàbí páìpù tó so wọ́n pọ̀. Àwa ò nílò kọ̀ǹpútà. Àdúgbò wa kéré, ojú wa sì tó o.

Omi tilẹ̀ rọrùn ju afárá wọ̀nyẹn lọ. Èèyàn lè lọ kó tún bọ̀ lórí afárá, ṣùgbọ́n omi kì í gun òkè. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìlà omi kọjú sí.

OHUN TÍ Ẹ NÍLÒ

Kò sí ohun tí ẹ máa rà. Ẹ wá òkúta bíi mẹ́wàá, okùn tàbí igi tín-ín-rín, àti ẹ̀kúnwọ́ hóró àgbàdo. Ilẹ̀ gbangba níwájú ibi ìpàdé ẹgbẹ́ tó láti fi ṣe é. Òkúta ni kókó, okùn ni ìlà. Bí ẹ bá ṣe é tán, kí ẹni tó mọ̀wé yà á sínú ìwé kó má baà sọnù.

BÍ Ẹ Ó ṢE YA Á

1. Ẹ rìn ín. Kí èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin jáde lẹ́yìn tí òjò bá dá, nígbà tí ojú ọ̀nà omi ṣì hàn. Kí ọkùnrin àti obìnrin wà nínú wọn.

2. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ní ibi tí omi ti já sódò. Òkúta àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ wá máa gòkè.

3. Ibi tí omi méjì bá ti pàdé, kókó ni. Ibi tí gọ́tà bá ti bẹ̀rẹ̀, kókó ni. Ihò tí omi ń gbà lábẹ́ títì, kókó ni. Ibi tí gọ́tà fífẹ̀ ti di tóóró, ẹ sọ òun náà di kókó.

4. Láti kókó kan sí èkejì, ẹ na okùn. Ẹ fi àmì sí ìhà tí omi ń kọjú sí.

5. Ẹ béèrè. Àwọn ìyá tó ń tajà létí títì àti àwọn ọmọ iléèwé mọ ibi tí omi máa ń dé ju àwa lọ. Kí wọ́n fi ọwọ́ hàn yín lára ògiri ibi tí omi ga dé lọ́dún tó kọjá.

6. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí omi kọ̀ọ̀kan bá ní ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń gbà sọ̀kalẹ̀, iye ìlà gbọ́dọ̀ dín ẹyọ kan sí iye kókó. Bí kókó bá jẹ́ 8, ìlà á jẹ́ 7. Bí ìlà yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, omi kan wà tí ẹ kò tíì mọ ibi tó ń gbà. Ẹ padà lọ wò ó, ó lè jẹ́ inú oko tàbí inú ilé ẹnìkan ló ń gbà. Bí ìlà bá sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi kan ti ya sọ́nà méjì.

ÀPẸẸRẸ KAN

Ẹ jẹ́ ká fi àdúgbò kan ṣe àpẹẹrẹ. Kókó rẹ̀ jẹ́ 8:

1 – ọjà
2 – iléèwé
3 – oríta tí omi ọjà àti ti iléèwé ti pàdé
4 – ilé orí òkè
5 – ihò abẹ́ títì
6 – ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì
7 – etí àkùrọ̀
8 – odò

Ìlà rẹ̀ jẹ́ 7: láti 1 sí 3, láti 2 sí 3, láti 3 sí 5, láti 4 sí 5, láti 5 sí 7, láti 6 sí 7, láti 7 sí 8.

Gọ́tà tó wà níwájú oko ẹgbẹ́ ni èyí tó ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, láti 6 sí 7. Òun ni wọ́n ń kó lọ́dọọdún, nítorí òun ni ojú wọn ń rí.

ÌDÁNWÒ KÌÍNÍ: Ẹ FI ÌKA BO ÌLÀ

Ẹ fi ìka bo ìlà kan, bí ẹni pé ó ti dí pátápátá. Ẹ wá ka iye kókó tí omi rẹ̀ kò lè dé odò mọ́.

Bí ẹ bá bo 6 sí 7, kókó kan péré ni, ìyẹn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá bo 3 sí 5, kókó 3 ni: ọjà, iléèwé àti oríta. Bí ẹ bá bo 5 sí 7, ìyẹn abẹ́ títì, ó di 5. Bí ẹ bá bo 7 sí 8, kókó 7 ni, gbogbo àdúgbò ló há yẹn.

Ọmọdé lè ṣe ìdánwò yìí. Ìlà tí iye tirẹ̀ bá pọ̀ jù lọ ni ọ̀fun àdúgbò.

ÌDÁNWÒ KEJÌ: Ẹ KA HÓRÓ ÀGBÀDO

Kókó kan lè tóbi ju èkejì lọ. Nítorí náà, ẹ fojú díwọ̀n ilẹ̀ tó ń da omi sí ìbẹ̀rẹ̀ gọ́tà kọ̀ọ̀kan. Hẹ́kítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà méjì àbọ̀. Ẹ fi hóró àgbàdo kan dípò hẹ́kítà kan.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjà ní hóró 4, iléèwé 2, ilé orí òkè 3, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì 1. Kí ẹ̀kọ́ lè rọrùn, a kò ka ilẹ̀ kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà. Ẹ wá ti hóró náà sísàlẹ̀ bí omi ṣe ń lọ. Ní oríta, 4 àti 2 di 6. Ní ihò abẹ́ títì, 6 àti 3 di 9. Ní etí àkùrọ̀, 9 àti 1 di 10. Hóró 10 ló dé odò.

Ẹ wò ó báyìí. Gọ́tà tí ogún èèyàn ń kó lọ́dọọdún, hóró 1 nínú 10 ló ń gba ibẹ̀. Abẹ́ títì tí ẹnikẹ́ni kò yọjú sí, hóró 9 ló ń gba ibẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀lẹ?

ELÉYÌÍ TÓ DÚRỌ́Ọ̀MÙ MÉLÒÓ?

Òjò mìlímítà 1 lórí hẹ́kítà 1 jẹ́ lítà 10,000, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù 50 tó ń gba lítà 200. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ láàárín wákàtí kan, hẹ́kítà kan á gba dúrọ́ọ̀mù 2,500. Ilẹ̀ oko á mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òrùlé páànù, kọnkéré àti ọ̀dà títì kì í mumi. Ẹ jẹ́ ká ní ìdá 8 nínú 10 ló ṣàn: dúrọ́ọ̀mù 2,000 láti orí hẹ́kítà kan.

Hóró 9 wá di dúrọ́ọ̀mù 18,000 tó gbọ́dọ̀ gba abẹ́ títì láàárín wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ 300 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ tó sọ pé “kan”, dúrọ́ọ̀mù 5 ti kọjá.

Ká ní ihò náà fẹ̀ ní mítà 1, ó sì jìn ní mítà 1, omi sì ń sáré mítà 1 àbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá mọ́, ó lè gba dúrọ́ọ̀mù 7 àbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá, ó ju 5 lọ, kò séwu. Ṣùgbọ́n bí yanrìn àti ọ̀rá omi bá ti kún un dé ìdajì, kò ní lè gba tó 4. Èyí tó kù ńkọ́? Ó ju dúrọ́ọ̀mù 1 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, orí títì ni yóò gbà, yóò sì já bọ́ sínú àkùrọ̀. Láàárín wákàtí kan, ó lé ní 4,000 dúrọ́ọ̀mù. Kò sí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ tó lè dúró dè é.

IPÒ Ọ̀NÀ OMI

Bí àyè kò bá sí láti díwọ̀n ilẹ̀, ọ̀nà kan tó yá tún wà, tí onímọ̀ ilẹ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Arthur Strahler, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ lókè pátápátá, tí omi mìíràn kò tíì bá, ipò kìíní ló wà. Bí ipò kìíní méjì bá pàdé, wọ́n di ipò kejì. Bí ipò kejì méjì bá pàdé, wọ́n di ipò kẹta. Ṣùgbọ́n bí kékeré bá pàdé ńlá, ńlá kò yí padà. Bíi kí ọmọ kan wọ ilé bàbá rẹ̀ ni.

Àwọn onímọ̀ ka Ògùnpa sí odò ipò kẹta. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, láti oríta títí dé odò, ipò kejì ni. Ìlànà yìí dára láti fi mọ ọ̀nà tó jẹ́ olórí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín hóró 6 àti hóró 10. Bí ẹ bá lè ka àgbàdo, ẹ kà á.

IBI TÍ IṢẸ́ YÓÒ TI BẸ̀RẸ̀

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹnu ibi tí omi ti ń já sódò. Lẹ́yìn náà ni 7 sí 8, lẹ́yìn náà ni abẹ́ títì, lẹ́yìn náà ni 3 sí 5. Ẹ̀ka kéékèèké ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó òkè, tó fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀, ńṣe ló la ọ̀nà kí omi lè tètè dé ibi tó há. Omi tí ì bá máa yọ́ wá díẹ̀díẹ̀ á wá sáré dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí ẹ bá kó jáde, ẹ má fi sí etí gọ́tà. Òjò àkọ́kọ́ á dá a padà. Ẹ fi bárò gbé e lọ, kí ẹ ṣa ọ̀rá àti ike kúrò. Ẹ má ṣe fi ẹrẹ̀ gọ́tà ìlú ṣe ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́, nítorí epo mọ́tò àti ìgbẹ́ èèyàn wà nínú rẹ̀.

KÁ GBẸ́ Ọ̀NÀ TUNTUN ŃKỌ́?

Àwọn kan á ní kí a gbẹ́ kòtò tuntun láti oríta (3) lọ tààrà sí etí àkùrọ̀ (7), kí abẹ́ títì lè rí ìsinmi. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú okùn àti àgbàdo. Ìlà á di 8, omi oríta á ya sọ́nà méjì. Bí ìdajì nínú hóró 6 bá gba kòtò tuntun, hóró abẹ́ títì á dín kù láti 9 sí 6. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo 7 sí 8: hóró 10 náà ló ṣì wà níbẹ̀, ó sì máa tètè dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀nà tuntun kì í pa omi rẹ́. Ó kàn ń gbé e lọ bá ẹlòmíràn ni. Bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá bínú, ó lẹ́tọ̀ọ́.

Ohun tó ń dín hóró kù gan-an wà lókè, níbi tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Kí iléèwé má ṣe da kọnkéré bo gbogbo pápá. Kí àwọn onílé gbe omi òrùlé sínú táǹkì tàbí dúrọ́ọ̀mù. Kí kòríko wà létí gọ́tà tí kì í ṣe kọnkéré. Àkùrọ̀ fúnra rẹ̀ náà ń ran ìlú lọ́wọ́: ó ń mu omi, ó sì ń dá a dúró díẹ̀. Bí wọ́n bá fi yẹ̀pẹ̀ kún un láti kọ́lé, hóró àgbàdo á pọ̀ sí i fún gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ náà, ẹ má gbin nǹkan sínú ojú omi gan-an. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un.

BÍ AGBÁRA ẸGBẸ́ KÒ BÁ KÁ A

Ihò abẹ́ títì lè kọjá ohun tí ọkọ́ àti ṣọ́bìrì lè ṣe. Ìgbà yẹn ni àwòrán yín máa wúlò jù. Ẹ má lọ sí káńsù pẹ̀lú ẹjọ́ àti ariwo nìkan. Ẹ mú ìwé tí ẹ ya kókó àti ìlà sí lọ́wọ́. Ẹ kọ̀wé pé: “Omi hẹ́kítà 9 nínú 10 ní àdúgbò wa ló ń gba abẹ́ títì yìí. Ó ti dí dé ìdajì. A ti kó ìsàlẹ̀ rẹ̀ fúnra wa. Ibi yìí nìkan ni a ń bẹ̀ yín fún.” Ẹgbẹ́ tó ti ṣe tirẹ̀, tó sì mọ ibi tó ń dùn ún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọlé.

Àwòrán yìí kan náà ni kí ẹ mú lọ bá àwọn ará òkè. Kí ìyálọ́jà fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ti hóró 4 ti ọjà sísàlẹ̀, kó rí ibi tó dé. Ó sàn ju èébú lọ.

ÌKÌLỌ̀

• Ẹ má wọ gọ́tà tàbí ihò abẹ́ títì nígbà tí òjò ń rọ̀ tàbí tí òjò ṣú lókè. Òjò òkè lè dé bá yín nísàlẹ̀.
• Ẹ wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́. Ìgò àti irin wà nínú ẹrẹ̀.
• Ẹ̀fọ́ tí omi ìlú ti bò mọ́lẹ̀, ẹ má tà á fún jíjẹ. Àrùn onígbáméjì lè tibẹ̀ wá. Èyí tó bá ti ń rà, ẹ fà á tu.
• Ẹ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́.

IṢẸ́ FÚN ẸGBẸ́

1. Bí ọjà inú àpẹẹrẹ wa bá fẹ̀ sí i, tó di hóró 6, mélòó ni yóò gba abẹ́ títì? (Ìdáhùn: 11.)
2. Bí òrùlé ilé orí òkè bá gbe omi tó hóró 1 sínú táǹkì, mélòó ni yóò dé odò nínú àpẹẹrẹ àkọ́kọ́? (Ìdáhùn: 9.)
3. Ẹ ya ti àdúgbò yín. Ìlà wo ni ọ̀fun? Nígbà wo ni ẹnìkan ti wo ibẹ̀ gbẹ̀yìn?
4. Ẹ dá ọjọ́ iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ méjì: ọ̀kan kí òjò tó fìdí múlẹ̀, èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀.

Bí ohunkóhun bá rú yín lójú, ẹ pe olùkọ́ àgbẹ̀ agbègbè yín. Ẹ fi òkúta, okùn àti àgbàdo dè é, yóò bá yín ṣe é lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Omi kò mọ olówó, kò mọ tálákà. Ọ̀nà tó bá rí ló ń gbà. Ẹ jẹ́ ká mọ ọ̀nà náà kó tó dé. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká jèrè ohun tí a gbìn. Àmín.